Nígbà Tí Ọmọ Mi Bèèrè Bóyá Òun Lè Kọ Ogun

Wọn kò fi ipá mú mi wọ iṣẹ́ ológun. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí òun ni wọ́n fi máa ń pa mí lẹ́nu mọ́ nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bóyá sójà lè kọ ogun bá délẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ gba fọ́ọ̀mù ní Ìlọrin. Èmi ni mo sáré yípo pápá, èmi ni mo na ọwọ́ sókè tí mo búra. Nàìjíríà kò ní òfin tó ń fi tipátipá kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun lónìí. Nítorí náà, wọ́n á ní: ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kí ló tún fẹ́ máa yàn? Ibi tí ìjọba bá rán an ni kó lọ.

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mo gba fọ́ọ̀mù, bàbá mi ti kú, iṣẹ́ awakọ̀ tí mo kọ́ kò bọ́ mi, àwọn àbúrò mi sì ń wojú mi. Ebi ló fà mí lọ́wọ́ dé báréékì Ṣóbì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá ní oṣù kẹta ọdún 2022 á rántí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe lọ pé jọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Yukréènì, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bá wọn bá Rọ́ṣíà jà, títí ìjọba àpapọ̀ fi sọ pé òun kò ní gbà fún wọn. Kí ni Rọ́ṣíà fi ṣe wọ́n? Mo mọ ojú tí wọ́n ní lára. Ojú tèmi nígbà èwe mi ni. Ẹni tí ebi bá lé wọ iṣẹ́ ológun, a kò lè sọ pé ó ti ta ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mọ́ ọn.

Làìbéríà ni wọ́n rán mi lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, dá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, sílẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù náà sì ni àwọn ọmọ ogun àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia. Mi ò sí nínú àwọn àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún 1992, nígbà tí ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ní Làìbéríà, tún ya bo Monrovia, ni wọ́n ń kó wa kún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ lílọ wa rárá. Lójú tèmi, ìjà abẹ́lé ẹlòmíràn ni. Ìjọba ológun ló wà nílùú wa nígbà náà, kò sẹ́ni tó dìbò yàn wọ́n, wọn kò sì bi aráàlú léèrè kí wọ́n tó kó ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́. Lálaalẹ́ kí a tó lọ ni mò ń rò ó: bí mo bá kú síbẹ̀, kí ni wọn yóò sọ fún ìyá mi pé mo kú fún?

Àlùfáà kan wà nínú wa, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì. Kì í ṣe àlùfáà tí ìjọba yàn, sójà bíi tèmi ni, àdúrà ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún un. Kò ní kí n lọ, kò sì ní kí n má lọ. Ó ní, “Ohun tí ọwọ́ rẹ kò ní ṣe tí o bá débẹ̀, sọ ọ́ jáde báyìí kí n fi etí gbọ́ ọ.” Mo sọ ọ́. Mo ní mi ò ní yìnbọn fún ẹni tí kò gbé ìbọn. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹni tó bá farapa lójú ọ̀nà, mo máa gbé e sínú lọ́rì mi láì bèèrè ìhà tó wà. Ó ní òun ti gbọ́.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà mí láyé mi, kò sí èyí tó ṣe mí láǹfààní tó ìyẹn. Ogun máa ń yí ènìyàn lórí. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìbọn ń dún kó tó ronú ohun tí kò ní ṣe, ìbẹ̀rù ni yóò bá a ronú. Èmi ti ronú tèmi nígbà tí orí mi pé, ẹlẹ́rìí sì wà. Nígbà mìíràn tí inú mi bá ru, tí mo bá fẹ́ ṣe bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe, ọkùnrin yẹn á kàn wò mí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bó ṣe rí fún ara náà ló rí fún ọkàn.

Ọmọdékùnrin kan wà tí mo gbé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ìbọn ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń bá jà ni ó ti wá. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Lóde òní gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé ogun Charles Taylor ní ẹ̀ka tí wọ́n fi àwọn ọmọ kéékèèké ṣe, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fojú ara mi rí irú rẹ̀ nìyẹn. Mo fún un lómi. Ó sọ fún mi, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn tó máa ń ṣòro gbọ́ létí wa, pé àwọn ajagun kan ló wọ abúlé àwọn, wọ́n ní kí òun yàn bóyá òun máa gbé ìbọn tàbí òun máa bá bàbá òun dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bèèrè. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́, ta ló mú ọ wá?”

Mo sọ fún un pé ìjọba mi ni. Ó mi orí bí ẹni pé ohun kan náà ni.

Kì í ṣe ohun kan náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé “àwọn ọ̀tá” kí n má rántí pé díẹ̀ nínú àwọn tó wà lódìkejì kò ní ibi tí wọ́n lè sá sí. Ohun kejì tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ mi rú, ni pé àwọn ènìyàn wà ní Monrovia tí wọ́n jáde láti ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, tí wọ́n dì mọ́ wa, tí wọ́n ní bí kì í bá ṣe tiwa àwọn ì bá ti kú. Ogun tí mi ò fara mọ́ gba ẹ̀mí là níṣojú mi. Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe rán wa. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì dání láti ìgbà náà, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ wọ́n di ọ̀kan.

Mo rìtáyà, mo fìdí kalẹ̀ sí Màràràbá lẹ́bàá Àbújá. Àkọ́bí mi wọ iṣẹ́ ológun bíi tèmi. Ní 2023 Sókótó ni ó wà, ó sì ti fẹ́ ọmọ Ìlélá. Ẹni tó bá mọ Ìlélá mọ̀ pé bí a bá ti kọjá bọ́dà níbẹ̀, Birnin Konni tó wà ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀, ọmọ Konni ni. Àwọn àna rẹ̀ ń ná ọjà lódìkejì, wọ́n ń sìnkú lódìkejì. Bọ́dà tó lé ní kìlómítà 1,500 ni a bá wọn pín, ìpínlẹ̀ méje ní apá Òkè Ọya ló sì fẹ̀gbẹ́ kan wọn.

Ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún náà ni àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey. Ọjọ́ 30, ECOWAS pàdé ní Àbújá, wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn lè lo agbára bí wọn kò bá dá a padà sórí oyè. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò ni àyà mi já. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

“Bàbá mi, ẹ ti gbọ́?”

“Mo ti gbọ́, Àjàní.”

“Ṣé ènìyàn lè kọ̀?”

Mo ní kó má sọ ọ́ lórí fóònù mọ́. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Ọ̀nà Gusau kò dára nígbà náà, àwọn ajínigbé kún ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ẹkún sìn mí dé gáréèjì. Ọlọ́run kó wa yọ. Mámì Mákẹ́ẹ̀tì ni a jókòó sí, níbi tí ẹnì kan ti ń yan súyà tí ariwo ń lọ, a sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo kọ́kọ́ mú òfin wá fún un, nítorí ọ̀pọ̀ sójà kò mọ̀ ọ́n. Abala 5 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun jáde lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ṣáájú. Àyè kékeré kan wà tí ewu bá fẹ́ já lu ìlú lójijì, ṣùgbọ́n ó ṣì gbọ́dọ̀ wá bèèrè àṣẹ wọn láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ Nìjẹ̀ nílé náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí ogun, wọ́n ní kí wọ́n wá ọ̀nà àlàáfíà. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀bùn ńlá ni èyí jẹ́ fún un, pé nígbà tèmi kò sí aṣòfin kankan tó dúró sáàárín èmi àti Làìbéríà.

Ó ní, “Bí wọ́n bá wá fọwọ́ sí i lọ́la ńkọ́?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Mo rán an létí àwọn sójà 54 tí ilé ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ikú fún ní oṣù kejìlá ọdún 2014, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ gba ìlú padà lọ́wọ́ Boko Haram ní Borno. Àwọn yẹn kò sọ pé ogun náà kò tọ́. Wọ́n ní ohun ìjà kò tó. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Mo tún sọ ohun kan fún un tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀: bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ àṣẹ, àìgbọràn ni. Bí ènìyàn méjì bá fẹnu kò láti kọ̀ ọ́, òfin lè pè é ní ọ̀tẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì lè já sí ikú. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe, kó má pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan sí i. Ó dùn ún. Ó ní ọ̀rẹ́ òun méjì ló ń rò bíi tòun. Mo ní kí oníkálùkù wọn gbé ọkàn tirẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ó bèèrè bóyá kò sí òfin tó mọ̀ pé ẹ̀rí ọkàn wà. Ó wà. Abala 34 dárúkọ ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ológun, ó ní a lè fún un ní iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin láti ṣe òfin tí yóò fi dandan kó ọmọ ìlú sínú iṣẹ́ ológun lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́. Ta ni yóò wá gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá kọ̀? Ẹ̀rí wo ni yóò mú wá? Iṣẹ́ wo ni wọn yóò fún un? Ìgbà tí kò sí ogun ló yẹ kí wọ́n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Amẹ́ríkà kọ tiwọn sílẹ̀, ó sì yẹ ká wo ibi tó ti há wọn lọ́rùn. Gbogbo wa la mọ Muhammad Ali, akànṣẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1967, ní Houston, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó jáde síwájú láti di sójà fún ogun Vietnam, kò mi ẹsẹ̀. Kò sá lọ sí Kánádà. Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un, ó sì pẹ́ kó tó tún lè jà fún owó. Ọdún 1971 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a láre. Nígbà ẹjọ́ náà, ohun tí ìjọba ń tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ogun ni ó kọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ yẹn sọ ọ́ nínú ẹjọ́ mìíràn pé ẹni tó bá kọ gbogbo ogun pátápátá ni òfin máa yọ̀ǹda, pé ẹni tó bá kọ ogun kan ṣoṣo, àyè kò sí fún un.

Mo ti rò ó láti òkè délẹ̀, mi ò sì rí ibi tó ti bá tiwa mu. Mélòó nínú wa ló kọ gbogbo ogun? Bí àwọn ajínigbé bá wọ Màràràbá lálẹ́ òní, èmi bàbá arúgbó yìí máa mú àdá. Ọmọ mi ti bá Boko Haram jà, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òun lè kọ̀. Ẹni tó lè ya ogun kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, tó lè sọ pé “èyí tọ́, èyí kò tọ́,” òun gan-an ló ń lo ẹ̀rí ọkàn. Òun sì ni òfin kò rí.

Àwọn baba wa mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Awólẹ̀ rán ogun lọ sí Ìwéré-Ilé, ìlú ìyá Aláàfin Ajagbó ni, ìbúra Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni pé kò gbọdọ̀ gbógun tì í. Àfọ̀njá, Kakaǹfò ìgbà náà, jagunjagun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ogun lọ, kọ ogun yẹn. Títí débẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀: wọ́n yí ogun padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin, ìyẹn ni pé kó kú. Ó kú, ó sì fi èpè sílẹ̀. Àfọ̀njá jókòó sí Ìlọrin, ó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, àwọn tó pè wá ràn án lọ́wọ́ ló sì pa á nígbẹ̀yìn. Mo sọ ìtàn yìí fún Àjàní ní Mámì Mákẹ́ẹ̀tì yẹn, mo ní kó wo ibi tí ọ̀nà ti pínyà. Kíkọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ burúkú jẹ́ ohun kan. Kí a gbé ìbọn tí wọ́n fún wa dojú kọ ẹni tó rán wa jẹ́ òmíràn, orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ gan-an sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó wà níwájú wa nígbà náà.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ní bí àṣẹ bá dé, òun nìkan ni òun máa lọ bá ọ̀gá òun, òun máa kó ìbọn òun sílẹ̀ níwọ̀n bó ṣe yẹ, òun máa sọ pé òun kò lè gbógun wọ Konni, pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ mìíràn, kódà kó jẹ́ gbígbé òkú. Òun kò ní sá. Bí wọ́n bá tì òun mọ́lé, òun máa wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fún mi. Mo ṣe fún un ohun tí ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ yẹn ṣe fún mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo padà sí Màràràbá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Gbogbo wọn ló ti ń bú ogun Nìjẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ará Nìjẹ̀ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Mo ní ó dáa. Mo ní bí ọmọ ẹnì kan nínú wa bá kọ ogun yìí, tí owó oṣù rẹ̀ dúró, tí wọ́n lé ìyàwó rẹ̀ jáde ní báréékì, ṣé ẹgbẹ́ máa gba ilé fún un? Ṣé a máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀? Àwọn kan ní ojo ni wọ́n máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ìjọba máa sọ pé à ń gbè sẹ́yìn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn díẹ̀ ní kí a dá owó sílẹ̀, bàbá kan tó ń ta páàtì mọ́tò sì fi tirẹ̀ lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A kò fẹnu kò. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidigidi ni pé ìlú tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ ogun tí kò tọ́ gbọ́dọ̀ bá a gbé ìyà rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni à ń fi ẹnu tì síwájú ìyà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ránni lọ sógun ṣe ń ṣe.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ECOWAS tún pàdé ní Àbújá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun wà ní ìmúrasílẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Ṣùgbọ́n ogun kò ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2024 wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí wọ́n fi jẹ Nìjẹ̀ kúrò. Àjàní ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tó ti pinnu.

Ìyá rẹ̀ kò tíì dárí jì mí. Ó ní bí mo bá jẹ́ bàbá tòótọ́, ńṣe ni ǹ bá sọ fún ọmọ náà pé kó bọ́ aṣọ sílẹ̀ kó sá lọ, pé ibi gbogbo ni ènìyàn ti lè fi ìyókù ayé rẹ̀ tọ́ ọmọ. Ó ní èmi ń wá ọmọ tí yóò dúró gangan níwájú ọ̀gá rẹ̀, òun ń wá ọmọ tó wà láàyè. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá sá kò lè sọ ìdí tó fi kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé gbogbo ayé á kàn sọ pé ẹ̀rù bà á, ogun náà á sì máa lọ. Ó ní kí ogun máa lọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá tún bi mí lọ́la, ohun tí mo sọ fún un ní Sókótó náà ni mo máa sọ.